Joseph Akínwálé Wey: Láti Ìdí Ẹ̀rọ dé Ipò Olórí

Ìdí ẹ̀rọ ọkọ̀ ni Joseph Edet Akínwálé Wey ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú omi, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun. Kàlàbá ni wọ́n bí i sí ní 1918. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ẹ̀fíìkì ni ìyá rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí méjèèjì. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ní Máríìnì, ẹ̀ka ìjọba amúnisìn tí ó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó lò nísàlẹ̀ ọkọ̀, nínú ooru òun ariwo.

Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1956, Gẹ̀ẹ́sì ni olórí rẹ̀. Wey wọ inú rẹ̀ ní ipò ọ̀gágun kékeré, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ẹni ọdún 38. Àtibẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kò tì í lójú. Ní 1964, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di olórí wọn.

Kí ni àgbà í ṣe nígbà tí àbúrò bá gorí àga? Ní 1966, lẹ́yìn ìfipágbàjọba kejì, Yakubu Gowon, ẹni ọdún 31, di olórí orílẹ̀-èdè. Wey jù ú lọ ní ọjọ́ orí àti ní ipò ológun. Síbẹ̀ ó dúró tì í. Ó wà ní ìjókòó Aburi, ní Gánà, ní oṣù kìíní 1967, níbi tí wọ́n ti bá Ojukwu wá ọ̀nà àlàáfíà. Àdéhùn náà kò dúró. Ogun bẹ́ ní oṣù keje.

Àwọn ọkọ̀ Wey dí ẹnu òkun mọ́ Biafra. Wọ́n kó ọmọ ogun lọ sí Bonny ní oṣù keje. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun Benjamin Adékúnlé lọ gba Kàlàbá, ìlú tí wọ́n ti bí olórí wọn gan-an. Ìdènà ojú òkun yìí wà lára ohun tí ó mú ìsẹ́gun yá. Ó sì wà lára ohun tí ó fa ebi tí ó pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tíì tán.

Wey fẹ̀yìntì ní 1975, nígbà tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon. Ó sì kú ní 1991. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ìtàn rẹ̀, kí ó sọ ti sùúrù tí ó gbé e gòkè. Kí ó má sì fi ohun tí àṣẹ rẹ̀ ná àwọn ẹlòmíràn pamọ́.