Ta Ló Wa Ọkọ̀? Ìtàn Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Fa Ènìyàn Lórí Omi

Ní Ẹ̀pẹ́ tí a ń gbé, n kò tíì rí ẹni tó dúró lórí pátákó kí ọkọ̀ máa fà á lórí ọ̀sà fún eré. Ẹja, èrò àti ẹrù ọjà ni a mọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ sí. Bàbá mi kékeré ló ń tún àwọn ẹ́ńjìnnì náà ṣe létí omi, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì máa ń wà nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi. Lọ́jọ́ tí mo fi àwòrán àwọn tó ń ṣe wọ́tà-síkì hàn wọ́n lórí fóònù, mo rò pé ẹni tó dúró lórí omi ni yóò yà wọ́n lẹ́nu. Wọn kò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n ní, "Ta ló wa ọkọ̀ yẹn? Pùròpẹ́là wo ló wà nídìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀?" Ìbéèrè yìí ni mo gbé wọ inú ìtàn lọ, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa eré náà, pátákó àti akọni ni wọ́n ń ròyìn.

Akọni náà ni Ralph Samuelson. Ọmọ ọdún 18 ni ní ìlú Lake City ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1922. Ìlú náà wà létí Lake Pepin, níbi tí odò Mississippi ti fẹ̀ bí ọ̀sà. Ó rò ó pé bí ènìyàn bá lè fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín, kí ló dé tí kò fi ní lè yọ̀ lórí omi? Ó kọ́kọ́ lo pátákó àgbá, ó rì. Ó lo pátákó yìnyín gan-an, ó tún rì. Ó wá ra pákó méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó sì fẹ̀ ní íǹṣì 9, ó se orí wọn nínú omi gbígbóná kí ó lè tẹ̀ wọ́n sókè, ó sì kan awọ mọ́ ọn níbi tí ẹsẹ̀ yóò wọ̀. Okùn fèrèsé ló fi ń dì mú, pẹ̀lú òrùka irin lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ló fi ń ṣubú. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ọ̀la ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó jẹ́ kí ẹnu pátákó yọ lókè omi kí ọkọ̀ tó gbéra, ó sì dìde.

Ben, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló wa ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù orí ilẹ̀ ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ ojú omi yẹn, agbára ẹṣin 24, kò sì sáré ju nǹkan bíi máìlì 20 ní wákàtí kan lọ.

Kí nìdí tí kì í fi í ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀? Ó kúkú ti wà. Cameron Waterman ti dán tirẹ̀ wò lórí odò Detroit ní 1905, Ole Evinrude, ọmọ Norway tó dàgbà sí Wisconsin, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní 1909. Wọ́n ní nígbà tó ń wa àjẹ̀ lọ ra áísìkiriímù fún olólùfẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn ni ọgbọ́n náà sọ sí i lọ́kàn. (Áísìkiriímù náà yọ́ kó tó dé. Bess, olólùfẹ́ náà, ló wá di ìyàwó rẹ̀, òun ló sì ń bójú tó ọ́fíìsì iṣẹ́ wọn.) Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Evinrude àkọ́kọ́, agbára ẹṣin kan àtààbọ̀ péré ni. Ó lè rọ́pò àjẹ̀, kò lè fa ènìyàn jáde nínú omi. Ní àwọn ọdún 1950, irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ tó lágbára wá wọ́pọ̀ sí i, nígbà tó sì di 1962 Mercury ti gbé ti 100 jáde. Láti ìgbà yẹn ni ìdílé tó bá ní ọkọ̀ kékeré ti lè fa ọmọ wọn fúnra wọn.

Agbára nìkan kọ́ sì ni. Ibi tí bàbá mi kékeré ti ràn mí lọ́wọ́ jù nìyí. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára pùròpẹ́là. Èkíní ni bó ṣe fẹ̀ tó. Èkejì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pitch, ni mo pè ní ìṣísẹ̀: iye íǹṣì tí pùròpẹ́là ì bá rìn síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí ìdè ń wọ inú igi. Ìṣísẹ̀ gígùn ń sáré, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra láti gbéra. Ìṣísẹ̀ kúkúrú kì í sáré púpọ̀, àmọ́ ó ń fà. Wọ́n ní kí n rántí ọ̀kadà tó gbé ènìyàn méjì níbi òkè: jíà kìn-ín-ní ni ọlọ́kadà yóò lò, bó ti wù kó kánjú tó.

Ẹni tó ń ṣe wọ́tà-síkì wúwo jù nígbà tí kò tíì dìde. Gbogbo ara rẹ̀ wà nínú omi, ó dà bí ìdákọ̀ró. Bó bá ti dìde, ìwọ̀nba agbára ló kù tí yóò gbà. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì kékeré fa ènìyàn máa ń dín ìṣísẹ̀ kù, bóyá láti 19 sí 17. Íǹṣì kan tó bá dín, ẹ́ńjìnnì yóò fi nǹkan bíi 150 sí 200 yí sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dín jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí kọjá ibi tí àwọn tó ṣe é ní kó mọ, yóò sì ba ara rẹ̀ jẹ́. Nítorí èyí, àwọn mìíràn ń ní pùròpẹ́là méjì, ọ̀kan fún eré, ọ̀kan fún ìrìn àjò.

Ní ti Samuelson, kò gba ìwé àṣẹ kankan lórí pátákó rẹ̀. Fred Waller ní New York gba tirẹ̀ ní 1925, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe olùpilẹ̀ṣẹ̀. Samuelson ti ń sin tòlótòló kí akọ̀ròyìn kan tó rí pátákó rẹ̀ àtijọ́ ní Lake City ní 1963. Ọdún 1966 ni ẹgbẹ́ wọ́tà-síkì Amẹ́ríkà tó gbà pé òun ni ẹni àkọ́kọ́. Mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ló wà lórí omi lọ́jọ́ náà, ẹyọ kan ni wọ́n dá lọ́lá. Bí Ben bá já ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ tàbí tó fà á lójijì, ìṣubú ni ì bá tún jẹ́.

Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá mi kékeré, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin kan tó ń fi Yamaha 40 kó èrò, tó fi dandan lé e pé kí wọ́n yọ pùròpẹ́là 11 kí wọ́n fi 13 sí i, kí ọkọ̀ òun lè ya ti àwọn ẹgbẹ́ òun sílẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún un. Ó ní wọn kò fẹ́ ìlọsíwájú òun. Nígbà tí èrò kún ọkọ̀, imú rẹ̀ ń wo òkè, kò lè gbéra dáadáa, ẹ́ńjìnnì ń kérora. Ọkùnrin náà wá ń sọ káàkiri etí omi pé mẹkáníìkì ló ba ẹ́ńjìnnì òun jẹ́, oníbàárà méjì sì gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn.

Lọ́sẹ̀ kẹta ó padà wá, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá mi kékeré kò bá a jà. Wọ́n na sípánà sí mi, wọ́n ní kí n yọ 13 náà.