Ohùn Ìlú: Láti Agogo Akéde dé Ẹ̀rọ Ayélujára

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó gbá jọ, etí ní láti kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlú wa ti ṣe ń dàgbà, kí ó kọ́kọ́ wádìí bí ọ̀rọ̀ ti ṣe ń rìn láàárín wọn. Láyé àtijọ́, akéde a lu agogo, tọmọdé tàgbà a sì jáde lọ ro ọ̀nà odò.

Ní ọdún 1859, Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Agogo kò yan olùgbọ́, ṣùgbọ́n ìwé yan ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tí a lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú ní 1867, ìwé náà bá wọn lọ.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ ìlú tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìdálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó dá Ilé-ìwé Gíráámà Iléṣà sílẹ̀ ní 1934. Lẹ́tà, ìpàdé àti owó ìdájọ ni ohun èlò irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní 2001, fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. A dá Facebook sílẹ̀ ní 2004, WhatsApp sì tẹ̀ lé e ní 2009. Lónìí, bí afárá abúlé kan bá wó ní òwúrọ̀, ọmọ ibẹ̀ tí ó wà ní London lè rí àwòrán rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kí ó sì fi owó ránṣẹ́. Èrè ńlá ni èyí. Síbẹ̀, ìyá àgbà tí ń gba orí afárá náà lọ sí oko lè má ní fóònù. Lẹ́yìn tí àwọn ará ìdálẹ̀ bá ti pinnu tán ni yóò tó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni agogo tuntun yìí kì í ṣe tiwa: ní oṣù Kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, kò sì ṣí i títí di oṣù Kíní 2022.

Kí a má tìtorí èyí kọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ohun tí ìtàn ń kọ́ wa ni pé kí ìpinnu orí ẹ̀rọ máa dé ojú agbo, kí a kà á sí etígbọ̀ọ́ ará ilé, kí a sì ṣírò owó níṣojú wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.