Paul Broca, Èèpo Ọpọlọ Àtijọ́ àti Ìgbóòórùn Ènìyàn: Àgbéyẹ̀wò Onítàn

Ìfáárà
Ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni ni ó ti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé agbára ìgbóòórùn ènìyàn kò tó nǹkan. Èrò yìí kò ti inú ìdánwò imú jáde. Ara ọpọlọ òkú ni a ti yọ ọ́ ní ìlú Paris, ó sì ti lé ní ọdún 140 báyìí. Iṣẹ́ yìí tọ pinpin ìtàn èrò náà.

Ìpínsísọ̀rí Broca
Paul Broca (1824–1880), oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ti di olókìkí láti ọdún 1861, nígbà tí ó tọ́ka sí apá ọpọlọ tí ó ń darí ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ọdún 1878, ó ṣàpèjúwe apá kan tí ó yí àárín ọpọlọ àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú ká bí ìgbátí aṣọ. Èèpo ọpọlọ àtijọ́ tí ó ń gba òórùn wà lára rẹ̀. Ìpele sẹ́ẹ̀lì 3 ni ó ní, nígbà tí èèpo tuntun ní 6. Broca ṣàkíyèsí pé kókó ìgbóòórùn ènìyàn kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ iwájú tí ó gbòòrò. Nítorí náà, ó pín ẹranko sí ìsọ̀rí 2: àwọn tí òórùn ń darí àti àwọn tí òórùn kì í darí. Ìsọ̀rí kejì ni ó fi ènìyàn, ọ̀bọ àti àbùùbùtán sí.

Àléébù ibẹ̀ ni pé ìwọ̀n ọpọlọ ni Broca fi ṣe ẹ̀rí. Kò dán imú wò. Síbẹ̀, èrò náà tàn kálẹ̀. Nínú ìwé tí Sigmund Freud ṣe ní ọdún 1930, ó so àdínkù ipò òórùn mọ́ ìdìde ènìyàn lórí ẹsẹ̀ 2.

Àtúnṣe
Ní ọdún 1947, Alf Brodal ará Norway fi hàn pé ẹ̀rí kò tó láti ka hippocampus, tí ó wà nínú apá Broca yìí, sí ibùdó òórùn. Ní ọdún 2007, a tẹ ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì California ní Berkeley. A di àwọn ènìyàn lójú, a dí wọn létí, wọ́n sì fi imú nìkan tọ ipa òórùn ṣokoléètì lórí koríko. Nínú àwọn 32 tí ó kópa, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó ṣe é yọrí. Àwọn tí ó tún fi kọ́ra sì yára sí i. Ní ọdún 2017, John McGann ti Yunifásítì Rutgers tú gbòǹgbò èrò náà dé ọ̀dọ̀ Broca. Ó tọ́ka sí i pé kókó ìgbóòórùn ènìyàn tóbi ju ti eku lọ, àti pé iye sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú mìíràn.

Ìgúnlẹ̀
Òtítọ́ ni pé èèpo tí ó ń gba òórùn ti pẹ́ ju èèyí tuntun lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó pẹ́ kò túmọ̀ sí ohun tí ó ti kú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ojúṣe olùkọ́ ni láti bi ìwé ìkọ́ni léèrè ohun tí a wọ̀n àti ohun tí a kàn gbà gbọ́, kí ó tó fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.