Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpósítélì: Orísun àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ìtàn àtijọ́ kan sọ pé kí àwọn àpósítélì tó pínyà láti lọ wàásù, wọ́n pé jọ, oníkálukú dá ohun tí ó rò, wọ́n sì fi ṣe Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo. Rufinus, àlùfáà ará Aquileia ní àríwá Ítálì, kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 404. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú Bíbélì. Nígbà tí àwọn aṣojú Ìjọ Gíríìkì sì pàdé àwọn ará Róòmù ní Ferrara ní 1438, bíṣọ́ọ̀bù Éfésù sọ gbangba pé àwọn kò ní irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Inú omi ìrìbọmi ni ó ti ṣẹ̀. Wọ́n a bi ẹni tí ó dúró nínú omi léèrè nígbà mẹ́ta: ǹjẹ́ ó gba Baba gbọ́? Ǹjẹ́ ó gba Ọmọ gbọ́? Ǹjẹ́ ó gba Ẹ̀mí Mímọ́ gbọ́? Ìdáhùn kan, ìrìbọmi kan. Ìdí nìyí tí ìjẹ́wọ́ náà fi ní ìpín mẹ́ta títí di òní. Ní nǹkan bí 340, Marcellus ará Ancyra fi èyí tí ó jọ ti Róòmù ránṣẹ́ sí Póòpù Julius ní èdè Gíríìkì. Ọ̀rọ̀ tí à ń kà lónìí fara hàn nínú ìwé Pirminius, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ.

*Symbolum* ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìnì, èyí tí í ṣe àmì. Rufinus ní nínú ogun abẹ́lé, ìhámọ́ra kan náà ni, èdè kan náà ni. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni ọmọ ogun fi ń dá ẹnì kejì rẹ̀ mọ̀. Nítorí náà, àkọ́sórí ni, kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé.

Kí wá ni orúkọ Pọ́ńtíù Pílátù, gómìnà kèfèrí, ń wá láàrin ọ̀rọ̀ mímọ́ bẹ́ẹ̀? Ó ń tọ́ka sí àkókò ni. Pílátù ṣàkóso Jùdíà láti ọdún 26 sí 36. Ìyà tí Jésù jẹ kì í ṣe àlọ́.

Gbólóhùn tí ó sọ pé Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn òkú ni ó máa ń fa àríyànjiyàn jù. Rufinus jẹ́wọ́ pé kò sí nínú ti Róòmù, pé ti Aquileia ni, ó sì gbà pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí pé a sin ín. Ẹni tí ó bá kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé inú iná ni Ó lọ. Bíbélì Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀: ipò òkú kì í ṣe ọ̀run àpáàdì.