Dilaram àti Kẹ̀kẹ́ Ogun Méjì



Ẹ̀yin èwe wa, bí ẹ bá ti dúró wo àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì rí, ẹ ó ti kíyè sí ohun kan. Bí ọ̀ta méjì bá jókòó tí wọ́n ń fi ìṣọ́ra yí ara wọn po, àwọn òǹwòran á máa yán, wọn á sì máa bá tiwọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ọ̀kan nínú wọn ṣá ti ọmọ tó lágbára jù lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀tá, kí ó sì máa lé ọba ẹnìkejì kiri, kíá ni èrò yóò pé lé wọn lórí. Àwọn kan nínú yín rò pé òyìnbó ló dá irú eré ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Baghdad ti mọ adùn rẹ̀ láti ohun tó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn.

Ilẹ̀ Íńdíà ni eré náà ti dé Páṣíà. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí gba Páṣíà ní ọ̀rúndún keje, ó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń pè é ní shatranj. Kò yára nígbà náà. Firzan, wàsíírì ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní ayaba lóde òní, ilé kan péré ni ó lè sún láti igun sí igun. Fil, tí í ṣe erin, máa ń fo ilé kan dá. Nínú ilé 64 tó wà lórí pátákó, ilé 8 péré ni erin kan lè tẹ̀ títí eré yóò fi parí. Ẹṣin àti rukh, èyíinì kẹ̀kẹ́ ogun, nìkan ló ní agbára gidi. Nítorí náà, títò ni wọn yóò kọ́kọ́ máa to ọmọ fún ìgbà pípẹ́ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Inú mansubat ni wọ́n kó adùn pamọ́ sí: wọn a to ọmọ kalẹ̀ bí ìgbà tí eré fẹ́ parí, wọn a ní kí ènìyàn wá bí yóò ṣe borí.

Èyí tó lókìkí jù ni ti Dilaram. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọlọ́lá kan ń fi owó ta shatranj títí owó fi tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá fi Dilaram, ìyàwó rẹ̀ tó fẹ́ràn jù, lélẹ̀ ní ohun ìdíje. Eré náà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ku ìṣísẹ̀ kan kí ọ̀tá pa ọba rẹ̀. Dilaram tó ń wò láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ogun méjèèjì lọ, kí òun má baà lọ.

Ọkọ gbọ́. Ó ti kẹ̀kẹ́ ogun kìíní síwájú ọba ọ̀tá, ọba jẹ ẹ́. Erin fò kúrò lọ́nà, kẹ̀kẹ́ kejì sì kọjú sí ọba láti ọ̀ọ́kán. Ọ̀tá fi kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ dínà, wọ́n jẹ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ kejì yìí náà tún lọ kú síbi tí èkíní kú sí. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan sún síwájú, ẹṣin fò wọlé, ọba kú. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré! Títò ọmọ náà wà nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá; ẹ lè tò ó wò nílé.

Ẹ wo ọkọ àti ìyàwó yìí dáadáa. Àwọn méjèèjì ló ṣe ohun tó jọ wèrè. Ọkọ fi ènìyàn ta tẹ́tẹ́ láì mọ ibi tí yóò já sí. Ìyàwó fi igi méjì sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti ka ìṣísẹ̀ mẹ́fà dé òpin. Ti ọkọ yẹn ni Súúrà al-Má'ídah, áyà 90, kọ̀ fún wa. Ní ti eré fúnra rẹ̀, àwọn onímọ̀ ò fi ohùn ṣọ̀kan. Imam Malik, tí àwa níhìn-ín ń tẹ̀ lé mazhab rẹ̀, kò fẹ́ ẹ rárá. Àwọn onímọ̀ Shafi'i pè é ní makruh, bí kò bá ti sí tẹ́tẹ́, tí kò sì mú ìrun bọ́ lásìkò. Bẹ́ẹ̀ wọ́n gbà á wá pé Sa'id bn Jubayr, àgbà tábíì tí al-Hajjaj pa, máa ń ta á láì wo pátákó.

Àwọn kálífà Baghdad ní tiwọn fẹ́ràn rẹ̀. Níwájú al-Mutawakkil, tó jọba láti 847 sí 861, ni ar-Razi ti borí al-Adli. Níwájú al-Muktafi, 902 sí 908, as-Suli na al-Mawardi tí kálífà ń gbè lẹ́yìn. Orúkọ al-Mawardi jẹ mọ́ omi òdòdó róòsì; ẹ̀fẹ̀ tí kálífà fi orúkọ náà ṣe lọ́jọ́ yẹn kò yẹ ní kíkọ síwájú àwọn ọmọdé.

Ní òpin ọ̀rúndún karùn-ún-dín-lógún ni wọ́n fún ayaba àti erin lágbára tuntun ní Yúróòpù, ni iná bá ràn. Ní London, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1851, Adolf Anderssen, ará Jámánì, ta ṣẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú Lionel Kieseritzky. Ó jẹ́ kí wọ́n jẹ erin rẹ̀ kan, kẹ̀kẹ́ ogun méjèèjì, àti ayaba pẹ̀lú. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta péré ni òun jẹ. Síbẹ̀, ní ìṣísẹ̀ kẹtàlélógún, ẹṣin méjì àti erin tó kù pa ọba Kieseritzky láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ogun méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ti Dilaram!

Ìdáhùn máa ń wà sí irú ìkọlù mìíràn o. Ní Moscow, ní ọdún 1960, Mikhail Tal, ọmọ ọdún 23, ń bá Mikhail Botvinnik du ipò ọ̀gá ayé. Ní eré kẹfà, ó gbé ẹṣin rẹ̀ síbi tí wọ́n lè jẹ ẹ́, ariwo àwọn òǹwòran sì pọ̀ débi pé wọ́n gbé àwọn ọ̀ta méjèèjì lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Àwọn tó yẹ eré náà wò lẹ́yìn náà rí ìdáhùn. Botvinnik kò rí i kí àkókò tó lé e. Tal gba ipò náà pẹ̀lú 12½ sí 8½. Botvinnik padà sílé, ó fara balẹ̀ kọ́ bí Tal ṣe ń ta, ó sì gba ipò rẹ̀ padà ní ọdún 1961 pẹ̀lú 13 sí 8.