Omi Méjì inú Amọ̀: Láti Ẹbu Kwali dé inú Máíkírówéèfù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Kí ìkòkò ọ̀hún tó dé orí ààrò rárá, odindi rẹ̀ ti gbóná rí ní ẹbu. Èdè wa fi iná pààlà: kí a tó sun ún, amọ̀ ni, bí a bá sun ún tán tí ó fọ́, àpáàdì ni. Bí a rẹ àpáàdì sínú omi fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kò ní di amọ̀ mọ́. Kí ni iná gbà lọ́wọ́ amọ̀ tí omi kò lè dá padà?

Àwọn obìnrin Gbagyi ní Kwali, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, fi iṣẹ́ ọwọ́ dáhùn. Wọn a kọ́kọ́ jẹ́ kí ìkòkò gbẹ dáadáa, nítorí èyí tí omi kù nínú rẹ̀ yóò bẹ́; lẹ́yìn náà ni wọn a fi koríko àti igi sun ún ní gbangba. Níbẹ̀ ni Ladi Kwali, tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó náírà 20, ti kọ́ṣẹ́. Ní 1954, ó wọ ibùdó ìkòkò tí Michael Cardew, ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, èyí tí í ṣe Suleja òní, níbi tí iléru ti ń gbóná tó nǹkan bí 1,300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì.

Ní 1930, Linus Pauling ní Amẹ́ríkà gbé àpèjúwe jáde nípa bí kírísítà amọ̀ ṣe tò: pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ, bí ojú ìwé. Omi méjì ni amọ̀ ní. Èkíní wà láàárín hóró àti pẹlẹbẹ. Ooru díẹ̀ lè lé e, ó sì lè padà. Èkejì kì í ṣe omi gan-an: ọ́síjìn àti háídírójìn ni, tí wọ́n so mọ́ ara kírísítà. Nínú amọ̀ funfun tí à ń pè ní kaolinite, láàárín nǹkan bí 450 sí 600 ni wọ́n ń já kúrò, tí wọ́n ń di omi, tí wọ́n sì ń fẹ́ lọ. Ètò pẹlẹbẹ á dàrú. Omi kò lè tún un tò.

Ní 1945, Percy Spencer, ará Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé ìgbì ẹ̀rọ rédà yọ ìpápánu dídùn tí ó wà ní àpò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ààrò máíkírówéèfù ti wá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá gbé amọ̀ sí irú ìgbì bẹ́ẹ̀, omi kìn-ín-ní ni ó kọ́kọ́ mú, láti inú wá. Amọ̀ tútù tí a bá kánjú gbé sí i lè bẹ́, gẹ́gẹ́ bí ti Kwali. Kaolinite gbígbẹ kì í gba ìgbì náà dáadáa, nítorí náà a lè po èédú mọ́ ọn kí ó lè gbóná. Bí ooru bá wá tó, pẹlẹbẹ á dàrú bákan náà.

Ẹ̀rọ yí padà, amọ̀ kò yí padà. Sísá àti sísun: ọ̀rọ̀ méjì, omi méjì. Bí ike àti irin ti ń lé ìkòkò kúrò nílé ìdáná, ọ̀rọ̀ ẹbu ń bá a lọ. Kí àwa olùkọ́ èdè tó yá ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì lò, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ kọ ti àwọn ìyá amọ̀kòkò sílẹ̀.