Ìtàn Pẹrọ́físíkáìtì Háláìdì: Iyọ̀ Òjé láti Ọdún 1893

Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ń sọ ìtàn pẹrọ́físíkáìtì, ọdún 2009 ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn bẹ́ẹ̀ kò kún tó. Orúkọ náà ti wà láti 1839, nígbà tí Gustav Rose, ọmọ Jámánì, fi orúkọ Lev Perovski sọ òkúta kan tí wọ́n rí ní òkè Ural ní Rọ́ṣíà. Òkúta yẹn kò ní òjé nínú. Bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe tò ni ó fi jọ àwọn iyọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín.

Ní 1893, Horace Wells ti Yunifásítì Yale kọ nípa iyọ̀ tí sísíọ́mù àti òjé máa ń bá kúlórínì, búrómínì àti áyódínì ṣe. Kò lè mọ bí inú wọn ti rí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Röntgen tó ṣàwárí ìtànṣán X, ó sì di 1912 kí a tó fi í yẹ inú kírísítà wò. Christian Møller ní Copenhagen ni ó tú àṣírí náà ní 1958: ètò pẹrọ́físíkáìtì ni wọ́n ní, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì tàn sí wọn, iná mànàmáná á máa gba inú wọn kọjá. Kókó ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn, ó sì ti wà lákọsílẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ó lé kan ṣáájú 2009!

Ní 1978, Dieter Weber ní Stuttgart fi mẹ́táìlì-amóníọ́mù rọ́pò sísíọ́mù. Irú èyí ni Kojima àti Miyasaka lò ní Japan ní 2009 láti sọ ìdá 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn di iná. Omi kẹ́míkà inú ẹ̀rọ wọn ni ó ń yọ́ iyọ̀ náà dànù. Nígbà tí wọ́n fi ohun líle rọ́pò omi yìí ní 2012, iṣẹ́ náà gbèrú. Lónìí ó ti kọjá ìdá 25.

Iyọ̀ Wells fúnra rẹ̀ ni ó padà wúlò fún mímọ ìtànṣán gámà. Átọ́ọ̀mù tó wúwo ni ó ń dá irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ dúró, òjé sì wúwo. Ní 2013, Kanatzidis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Northwestern gbin kírísítà sísíọ́mù, òjé àti búrómínì fún iṣẹ́ yìí. Nígbà tí yóò fi di 2021, ó ti ń fi ìyàtọ̀ sáàárín agbára ìtànṣán dé ìwọ̀n ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún, láìsí pé a mú un tutù bíi jẹ́máníọ́mù.

Ṣùgbọ́n òjé yìí kan náà ni májèlé inú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó rí ohun tí òjé fi ojú àwọn ọmọdé rí ní Zamfara ní 2010 kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀, pàápàá nígbà tí omi lè tú iyọ̀ náà ká. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi tánńganran rọ́pò òjé, àmọ́ afẹ́fẹ́ lásán máa ń tètè bà á jẹ́.